Ìwé Yísà Lọ́wọ́ Síkírù

Bí àlejò bá dé Ẹ̀pẹ́ láyé ọjọ́ wọ̀nyẹn, tó béèrè ẹni tó mọ gẹdú í dà lórí omi, ilé Mọ́ṣúdù ni wọ́n máa júwe fún un kó tó parí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Kì í ṣe pé ọkùnrin náà ga, kì í ṣe pé ó síngbọnlẹ̀. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó dúdú, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sì le bí èèpo igi. Ṣùgbọ́n kí wọ́n so ogójì gẹdú pọ̀ lójú omi, kí wọ́n ti ọ̀pá gígùn bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, kí ẹ wá wo nǹkan! Á kúrò ní Ẹ̀pẹ́, á gba ẹ̀gbẹ́ Agbowa kọjá, á sinmi ní Ìkòròdú, á sì gúnlẹ̀ sí sọ́míìlì ní Èbúté Mẹ́ta láìjẹ́ kí igi kan ṣoṣo já sọnù. Baba rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́ náà láti ìgbà tí kò tíì lè wọ ṣòkòtò dáadáa.

Àwọn onígẹdú Ẹ̀pẹ́ ní àṣà kan. Ẹni mẹ́wàá ló máa ń wà lórí igi, àyè ẹnì kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ti agbo ilé rẹ̀, kì í ṣe ti òun nìkan. Bí ibà bá dá ẹ̀gbọ́n dùbúlẹ̀, àbúrò á mú ọ̀pá, á bọ́ sí àyè náà, ẹnikẹ́ni kò ní bi í pé kí ló wá ṣe. Wọ́n tiẹ̀ lè máa fi orúkọ ẹ̀gbọ́n pè é títí ìrìn àjò á fi parí. Ilé ló rán ọwọ́ wá síbi iṣẹ́. Ọwọ́ ọmọ wo ni, ìyẹn kò kan ẹni tó gbé iṣẹ́ fún wọn.

Inú àṣà yìí ni Mọ́ṣúdù dàgbà sí. Kò sí ìgbà tó rò ó wò pé ibì kan lè wà láyé yìí tí nǹkan kò ti rí bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1954, ìròyìn dé pé ilé-iṣẹ́ onígẹdú kan ní Gàbọ́ọ̀nù, ilẹ̀ àwọn Faransé lọ́hùn-ún, ń wá àwọn tó mọ igi í dà lórí odò. Ìkòròdú ni wọ́n ti ń gba ènìyàn, nínú ọ́fíìsì kékeré kan tí kò jìnnà sí èbúté. Mọ́ṣúdù kó ẹni mẹ́sàn-án lẹ́yìn, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi, ó di ibẹ̀. Ògbufọ̀ ló gbà wọ́n lálejò. Adélàjà lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìkòròdú, ẹni tí kì í bọ́ kóòtù bí oòrùn tilẹ̀ ń mú bí iná. Ó ní kí wọ́n jókòó, ó sì ń ka ìwé àdéhùn sí wọn létí, ó ń túmọ̀ rẹ̀ bó ti ń kà á.

Àwọn kan rò pé òfin iṣẹ́ kò ládùn. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ènìyàn tó jẹ́ pé láti ìgbà tí wọ́n ti dáyé, ojú ọ̀gá nìkan ni òfin tí wọ́n mọ̀, wọ́n jókòó, wọ́n ń gbọ́ pé ọ̀gá fúnra rẹ̀ ní ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣe!

"Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, oṣù ìdánwò ni," Adélàjà wí. "Ọ̀gá lè ní kó o máa lọ, ìwọ náà lè ní o ò ṣe mọ́. Ẹnì kan ò ní bi ẹnì kejì pé kí ló dé."

"Bí ẹni tí wọ́n ṣì ń fẹ́ra sọ́nà," Yísà sọ láti ẹ̀yìn. Ọmọ Ìyá Rọ̀kíbátù ni Yísà, aláwàdà ni.

"O gbà á. Tí oṣù mẹ́ta bá wá pé, ìyàwó ti wọlé nìyẹn. Kò lè lé ọ bí ẹni lé adìyẹ mọ́. Ó gbọ́dọ̀ fún ọ ní nótíìsì oṣù kan, kó kọ ìdí tó fi dá ọ dúró sínú ìwé, kó sì fi ọkọ̀ gbé ọ padà wálé."

"Òyìnbó á kọ̀wé kó tó lé mi?" Yísà bi í. "Ní sọ́míìlì, ìfé lásán ni wọ́n ń sú fún wa."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Adélàjà náà rẹ́rìn-ín, ó sì nu ojú.

"Ẹ dákẹ́, ó ku méjì. Ẹni tó bá lọ ṣiṣẹ́ lórí ìwé ẹlòmíràn, gbogbo èyí tí mo kà yẹn kò kàn án. Ọjọ́ tí wọ́n bá mọ̀ ni wọ́n máa lé e, kò sí nótíìsì, kò sí ọkọ̀ ìpadà. Àmọ́ tó bá jẹ́ olórí ẹgbẹ́ rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n mọ̀ mú un wá, ilé-iṣẹ́ ló máa dá a padà sílé. Olórí ẹgbẹ́ náà kò sì ní rí ìwé gbà mọ́ láéláé. Mọ́ṣúdù, ìwọ ni wọ́n fi ṣe olórí. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́," Mọ́ṣúdù dáhùn. Ó gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó rò lọ́kàn ni pé ọ̀rọ̀ àwọn olè ni wọ́n ń sọ, àwọn tó ń jí ìwé ẹni ẹlẹ́ni gbé. Kò rò pé ó kan ọmọ ìyá kan náà.

Ẹni mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tẹ àtàǹpàkò, wọ́n gba ìwé, wọ́n padà sí Ẹ̀pẹ́ láti lọ dágbére.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa lọ, Mọ́ṣúdù yà pe Yísà. Ó bá a lórí ẹní. Sòbìà ti mú un lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ náà wú bí ọ̀dùnkún, kò sì ṣeé tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìyá Rọ̀kíbátù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ lẹ́rán.

"Mọ́ṣúdù, wo ẹsẹ̀ ọmọ mi bó ti rí. Ṣé àyè wa á wá ṣófo ni?"

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Síkírù wà, àbúrò Yísà, ọmọ ogún ọdún. Ó ti di ẹrù rẹ̀. Ó ti ká ìwé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sínú fìlà.

Mọ́ṣúdù wò ó, ó rẹ́rìn-ín. "Àyè ṣe máa ṣófo? Ilé kan náà kọ́ ni? Síkírù, láti òní lọ, Yísà lorúkọ ẹ. Tí wọ́n bá ti pè é, kó o jẹ́."

"Mo gbọ́, Bọ̀ọ̀dá."

"Tó o bá dé ọ̀dọ̀ òyìnbó, má máa ṣàwàdà bíi tèmi o," Yísà sọ láti orí ẹní. "Èyí tí mo ní kò tíì tó wa pín."

Báyìí ni wọ́n ṣe lọ. Ní ẹnu ọkọ̀ òkun, wọ́n pe Yísà Láwàl, Síkírù sì jẹ́.

Iṣẹ́ Gàbọ́ọ̀nù le, ṣùgbọ́n Síkírù mọ̀ ọ́n. Odò ibẹ̀ kò dà bí ọ̀sà wa tó tẹ́ rẹrẹ. Ó ń sáré, ó sì ní àpáta nínú. Nígbà kan, okùn já, gẹdú ń tú ká, gbogbo wọn ń pariwo, àfi Síkírù tó fò láti orí igi kan sí òmíràn, tó sì fi okùn mìíràn gbá gbogbo rẹ̀ jọ. Láti ọjọ́ náà ni òyìnbó ọ̀gá wọn ti mọ "Yísà" láàárín àwọn òṣìṣẹ́. Oṣù mẹ́ta ìdánwò kọjá, kò sẹ́ni tó bá a wíjọ́ kankan.

Nígbà tí wọ́n lo oṣù mẹ́jọ níbẹ̀, odò fà. Igi kò lè rìn mọ́, òṣìṣẹ́ sì pọ̀ ju iṣẹ́ lọ. Akọ̀wé ilé-iṣẹ́ náà jẹ́ ará Àjàṣẹ́ lábẹ́ àwọn Faransé, tó gbọ́ Yorùbá. Ó pe Mọ́ṣúdù wọ ọ́fíìsì láàárọ̀ ọjọ́ kan.

"Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa dín ẹnì kan," ó wí. "Ṣùgbọ́n odò tó fà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ òṣìṣẹ́. Ọ̀gá ò fẹ́ fúnni ní nótíìsì, kò sì fẹ́ fi ọkọ̀ gbé ẹnikẹ́ni. Ó ń wá ẹni tó ní àléébù. Ṣé kò sí ẹni tó ń pẹ́ dé nínú tìrẹ? Ẹni tó ń mutí?"

"Kò sí."

"Ronú dáadáa. Olórí tí kò bá rí ẹni dín, òun fúnra rẹ̀ la máa dá padà sáàárín àwọn tó ń ru igi."

Ẹ̀yin ènìyàn, ìbẹ̀rù ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn bí ẹ ti ń wò ó yìí. Mọ́ṣúdù rí ara rẹ̀ bó ṣe máa padà dé Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n á máa ní olórí lọ, aláàárù dé. Ó gbọ́ ẹ̀rín wọn ní èbúté. Ẹnu rẹ̀ là, ọ̀rọ̀ sì jáde.

"Ẹni tó ń jẹ́ Yísà yẹn," ó wí, "kì í ṣe Yísà. Àbúrò rẹ̀ ni."

Akọ̀wé gbé orí sókè. "O mọ̀ nígbà tẹ́ ẹ ń bọ̀?"

"Mi ò mọ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ni."

Irọ́ nìyẹn, ó sì burú ju òótọ́ tó kọ́kọ́ sọ lọ. Bó bá ti ní òun mọ̀, ilé-iṣẹ́ ni ì bá dá Síkírù padà sílé.

Wọ́n pe Síkírù, wọ́n ní kó tẹ àtàǹpàkò, wọ́n fi wé ti inú ìwé. Kò jọra. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n lé e. Mọ́ṣúdù sìn ín dé ẹnu géètì nítorí pé olórí ẹgbẹ́ ni, kò sì rí ọ̀nà tó fi máa yẹra. Síkírù gbé ẹrù kékeré náà lé èjìká.

"Àtàǹpàkò mi ló tú mi fó, Bọ̀ọ̀dá," ó wí. "Ẹ má jẹ́ kó dùn yín jù. Mo mọ̀ pé ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Mo rí yín nígbà tẹ́ ẹ wọ ọ́fíìsì akọ̀wé láàárọ̀. Ẹ ṣeun o. Ẹ bá mi kí Màmá."

Mọ́ṣúdù ní òun á kí wọn.

Ó lo ọdún méjì inú ìwé àdéhùn rẹ̀ pé, ó padà sí Ẹ̀pẹ́ ní 1956. Ó ṣàlàyé fún Ìyá Rọ̀kíbátù pé ìwé ni kò bá àtàǹpàkò mu, pé òun sa gbogbo ipá òun. Ìyá sunkún díẹ̀, ó nu ojú, ó sì kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin tó lè bí lọ́mọ. Láti ìgbà náà, kò sí ọjọ́ Jímọ̀ kan tí kì í gbé ẹja yíyan wá fún Mọ́ṣúdù lẹ́yìn ìrun, nítorí oore tó ṣe ọmọ òun ní ìlú òkèèrè.

Ṣẹ̀rífátù, ìyàwó rẹ̀, ló ń jẹ ẹja náà.

"Ẹja Ìyá Yísà tún ti dé," á wí. "Ṣé ẹ ò ní bù jẹ níbẹ̀?"

"Eyín ń ro mí."

"Eyín yín yìí, Jímọ̀ ló máa ń mọ̀ ọ́n ro. Ó jọ pé mùsùlùmí òdodo ni."

Mọ́ṣúdù á rẹ́rìn-ín díẹ̀, á sì jáde lọ sétí omi. Ohun tó ń bá a jà kò ní orúkọ tó lè pè é fún ìyàwó. Yísà gan-an ló ń dá kún un. Ẹsẹ̀ Yísà ti san, àmọ́ ó ń tiro, àwàdà sì ti tán lẹ́nu rẹ̀. Bó bá ti rí Mọ́ṣúdù ló máa ń sọ pé, "Ẹsẹ̀ mi ló pa àbúrò mi lára. Bí mo bá ti lọ fúnra mi ni." Mọ́ṣúdù á ní kó má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Kì í lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tó tẹ̀ lé e, ilé-iṣẹ́ Gàbọ́ọ̀nù tún ń gba ènìyàn, wọ́n sì kọ orúkọ Mọ́ṣúdù sókè pé òun ni olórí. Inú rẹ̀ dùn láti lọ. Ó rò pé òkun á mú òun jìnnà sí ẹja ọjọ́ Jímọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan náà ni ọmọ Agbowa kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun mú lẹ́tà kan wá fún Ìyá Rọ̀kíbátù. Kò sẹ́ni tó mọ̀wé kà nínú ilé wọn, bẹ́ẹ̀ ni Mọ́ṣúdù ń lọ sí Ìkòròdú lọ́jọ́ kejì nítorí ìwé rẹ̀. Ìyá bá a wọ ọkọ̀. Wọ́n jọ wọ ọ́fíìsì Adélàjà.

Adélàjà ka lẹ́tà náà sókè. Ẹnì kan ló bá Síkírù kọ ọ́. Ó ní ara òun le. Ó ní òun ń ru ẹrù ní èbúté ìlú ńlá kan níbẹ̀, òun kò sì níwèé, kò sí ọkọ̀ tó lè gba òun. Ọlọ́pàá ti ti òun mọ́lé lẹ́ẹ̀mejì nítorí ìwé yìí. Ó ní kí wọ́n bá òun wí fún Bọ̀ọ̀dá Mọ́ṣúdù, torí pé Bọ̀ọ̀dá nìkan ló mọ ọ̀nà ọ́fíìsì, Bọ̀ọ̀dá náà ló sì jà fún òun nígbà yẹn.

Adélàjà tẹ́ lẹ́tà sórí tábìlì. Ó ṣí ìwé ńlá kan, ó wá ojú ibi tó ń wá.

"Ọ̀nà kan ló wà," ó wí. "Bó bá jẹ́ pé olórí ẹgbẹ́ mọ̀ ọ́n mọ̀ mú un lọ, wọ́n gbọ́dọ̀ dá a padà. Òfin wọn ni, wọn ò lè bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ síbí ni pé olórí kò mọ̀. Màmá, ṣé Mọ́ṣúdù mọ̀ nígbà tí wọ́n kúrò nílé?"

Ilé Ìyá Rọ̀kíbátù ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni ó ti ṣẹlẹ̀. Mọ́ṣúdù tẹjú mọ́lẹ̀, ó ń dúró kí ìyá sọ ọ́, ọkàn rẹ̀ sì ń fẹ́ kó sọ ọ́, kó lè bọ́.

Ìyá Rọ̀kíbátù wo orúkọ àwọn ènìyàn tí wọ́n kọ sára pátákó lẹ́yìn Adélàjà. Kò lè kà á, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé orúkọ Mọ́ṣúdù wà níbẹ̀. Ó tún ìpèlé rẹ̀ ṣe.

"Kò mọ̀," ó wí. "Àwa la dọ́gbọ́n sí i."

"Ẹ rò ó dáadáa o, Màmá. Ọmọ yín ni."

"Ọmọ mi ni. Mo ní kò mọ̀. Ẹni tó gbèjà ọmọ mi nílẹ̀ onílẹ̀, mi ò ní fi ọwọ́ ara mi gba oúnjẹ lẹ́nu ẹ̀. Ọlọ́run á ṣe ọ̀nà mìíràn fún Síkírù."

Adélàjà mú kálámù láti kọ ọ́. Bí ó bá ti kọ ọ́, ọ̀rọ̀ parí. Mọ́ṣúdù á lọ sí Gàbọ́ọ̀nù pẹ̀lú fìlà olórí, Síkírù á sì máa ru ẹrù níbẹ̀, ní ilẹ̀ kan náà, títí ọlọ́pàá á fi tún rí i. Mọ́ṣúdù gbé orí sókè.

"Mo mọ̀," ó wí.

"Mọ́ṣúdù, dákẹ́," Ìyá wí.

"Mo mọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Adélàjà. Èmi ni mo ní kó máa jẹ́ Yísà. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀." Kò lè dúró mọ́, bí ẹni pé omi ti fa ìdè já. "Ẹ dúró, kò tíì tán. Wọn kì bá tí yẹ àtàǹpàkò rẹ̀ wò. Èmi ni mo lọ sọ fún akọ̀wé. Wọ́n ní àwọn máa gba olórí lọ́wọ́ mi, mo bá fa Síkírù lé wọn lọ́wọ́. Màmá, mi ò bá a bẹ ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹ̀bẹ̀ kankan tí mo bẹ̀."

Lóde, àwọn ọlọ́kọ̀ ń pe èrò Èkó. Adélàjà wo ìyá, ó wo Mọ́ṣúdù, ó wá tẹ orí ba, ó ń kọ̀wé. Nígbà tó kọ ọ́ tán, ó kà á fún wọn, Mọ́ṣúdù tẹ àtàǹpàkò sí i. Adélàjà dìde, ó lọ síbi pátákó, ó fa ìlà gbọọrọ lórí orúkọ rẹ̀.

"Ó tó oṣù mélòó kó tó dé?" Ìyá Rọ̀kíbátù bi Adélàjà. Kò wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí Mọ́ṣúdù wà.

"Oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, Màmá. Ẹ fọkàn balẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e wá."

Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ń lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ́sàn-án yẹn. Wọ́n jọ wọ̀ ọ́. Ìyá jókòó síwájú, ó kọ ẹ̀yìn sí i. Wọ́n ti kọjá Agbowa kó tó sọ̀rọ̀, kò sì yíjú.

"Mọ́ṣúdù, ọjọ́ wo lo fẹ́ sọ fún mi tẹ́lẹ̀?"

Ó ronú kan irọ́, kò rí ọ̀kan. "Mi ò fẹ́ sọ rárá, Màmá."

Ìyá mirí. "Ìyẹn náà dáa kí n mọ̀ ọ́n," ó wí.

Síkírù dé ní àárín òjò, ó rù, irùngbọ̀n ti hù lágbọ̀n rẹ̀. Gbogbo àdúgbò lọ kí i, àfi Mọ́ṣúdù. Ọjọ́ kẹsàn-án ni Síkírù fúnra rẹ̀ wá sétí omi níbi tí Mọ́ṣúdù ti ń so igi. Ó dúró. Ìyá ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀rù ló bà yín?" ó bi í.

"Ẹ̀rù ni."

"Nígbà tí mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ yín ní géètì ńkọ́?"

Mọ́ṣúdù tú okùn tó ń so, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í so ó. Síkírù dúró títí ó fi so ó tán. Ó yí padà, ó gba ọ̀nà ilé lọ.